Ìdòwú ń Wá Ìbejì Lọ sí Kúbà

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn láti Havana kọjá sí Regla kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé ìdáná ìyá mi lọ. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ wa wà. Ọkùnrin kan di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ìyá àgbà kan sì gbé àkùkọ sínú àpò ìnájà, orí àkùkọ náà nìkan ló yọ síta, tó ń wo gbogbo wa bíi pé àwa la fẹ́ pa á. Nígbà tí a dé àárín omi, ìyá yìí yọ owó ẹyọ kan nínú kọ́mú rẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó jù ú sómi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́nu. Mo na etí. Mo gbọ́ Yemọja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yemayá ló pè é. Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ ìyá. Ìyókù kò yé mi rárá.

Orin ló gbé mi dé ibẹ̀. Ní 2015, ẹ̀gbọ́n mi Táyé, tó ń gbé ní London, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìdòwú, wá wo ẹgbẹ́ wa." Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé àwọn ìbejì ilé wa. Kẹ́hìndé ti kú ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà, láti ìgbà yẹn Táyé kì í sọ̀rọ̀ ìbejì mọ́, kì í fi ṣàwàdà pàápàá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe fídíò lásán.

Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú omi, wọ́n dojú sókè. Ọwọ́ ẹnìkan tí a kò rí ń rì wọ́n bọ omi, ó tún ń gbé wọn jáde. Èyí tó bá yọ á kọrin díẹ̀, wọ́n á tún rì í. River ni àkọlé orin náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, orin yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí Ọ̀ṣun. Kí n má purọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Ohùn tó yẹ kó wà lókè ti já wálẹ̀, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ti gòkè. Mo kọ̀wé sí Táyé pé wọ́n ń ṣi Yorùbá sọ. Kò dá mi lóhùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa dáhùn, ó ní: "Bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n wọn náà ti kú. Tún un gbọ́."

Mo tún un gbọ́, n kò sì tíì dákẹ́ gbígbọ́ rẹ̀.

Ibeyi ni àwọn ọmọ náà ń pe ara wọn. Ìbejì náà ni, "j" wa ló di "y" lẹ́nu àwọn ará Kúbà. Paris ni wọ́n ti bí Lisa-Kaindé Díaz àti Naomi Díaz ní 1994. Kaindé yẹn, Kẹ́hìndé ni, ẹ kò nílò kí n tú u. Maya Dagnino ni ìyá wọn, ẹ̀jẹ̀ Faransé àti ti Venezuela ló wà lára rẹ̀, òun náà ló sì ń bójú tó iṣẹ́ wọn. Bàbá wọn ni Miguel Díaz, tí gbogbo ayé orin mọ̀ sí Angá. Ìlù tí àwọn òyìnbó ń pè ní conga ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìlù tí àwa ń pè ní àkúbà nílé, tí orúkọ Kúbà kò sì farasin nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa lu méjì, onímọ̀ a máa lu mẹ́ta. Márùn-ún ni Angá máa ń tò kalẹ̀, á sì lù wọ́n débi pé wàá gbọ́ orin lẹ́nu wọn bí ẹni tẹ dùùrù. Ó wà lára ẹgbẹ́ Irakere láti 1987, ó lùlù fún Buena Vista Social Club, ó sì bá àwọn onífèrè jazz Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́.

Ní 2006, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Barcelona. Ẹni ọdún 45 ni. Ọmọ ọdún 11 ni àwọn ọmọ náà.

Ọjọ́ kejì tó kú ni Naomi jókòó sórí cajón bàbá rẹ̀, àpótí onígi tí èèyàn máa ń jókòó lé tí á sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú níwájú. Láti ìgbà náà ni kò ti dìde níbẹ̀. Ìyá wọn wá mú wọn lọ bá ẹgbẹ́ akọrin kan ní Paris tó ń kọ orin òrìṣà, àwọn orin Lukumí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Kúbà, tí bàbá wọn ti ń lùlù sí láti ìgbà èwe rẹ̀. Lisa-Kaindé ń tẹ dùùrù ní tirẹ̀. Nígbà tó di bí ọmọ ọdún 14, ìyá rẹ̀ rí i tó jókòó tí kò rí nǹkan ṣe, ó ní kó lọ kọ orin, ó sì lọ kọ ọ́. Ní 2013, Yanira, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tún kú. Ní àkókò yẹn náà ni Richard Russell rí wọn, òun tó ni XL Recordings, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo Adele jáde. Èèyàn tó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ yí ohùn arúgbó ká láìbo ohùn náà mọ́lẹ̀ ni. Òun ló ṣe àwo ìkẹyìn Gil Scott-Heron ní 2010. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: dùùrù, ohùn méjì, bàtá, cajón, kí ẹ̀rọ sì máa kùn nísàlẹ̀ bí ọlọ.

Àwo kékeré tó ń jẹ́ Oya jáde ní 2014, àwo ńlá tó ń jẹ́ Ibeyi tẹ̀lé e ní oṣù Kejì 2015. Ẹlẹ́gbára ni wọ́n fi ṣí i, bó ti yẹ kí ẹni tó mọ ojú ọ̀nà ṣe. Orin wà nínú rẹ̀ fún Ọya, ó wà fún bàbá, ó wà fún Yanira, ó wà fún ìyá tí ọkọ rẹ̀ lọ tí kò bọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè wá ń wá orúkọ tí wọn yóò pe irú orin báyìí. Èmi mọ orúkọ rẹ̀. Ìrèmọ̀jé ni. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sun ún fún un. Onílù ló kú ní tiwọn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ohun èlò onílù sun tirẹ̀.

Paris ni mo gbà kọjá sí Havana, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà ń rìn láti kékeré nìyẹn: ilé ìwé ní Paris, ìsinmi ní Kúbà. Àpótí mi kò bá mi dé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi ní kí n ní sùúrù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ní sùúrù pẹ̀lú bùbá kan ṣoṣo. Alẹ́ tí mo dé náà ni wọ́n mú iná. Apagón ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Onílé mi ń bẹ̀ mí, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, Ìbàdàn ni mo ti wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí ìró jẹnẹrétọ̀. Òkùnkùn wọn dákẹ́. Mo gbọ́ ẹnìkan nílé kẹta tó ń fi ṣíbí lu nǹkan, mo gbọ́ àwọn tó ń gbè é.

Awakọ̀ tó gbé mi kiri ní ọjọ́ kejì ń wa Chevrolet kan tó dàgbà jù mí lọ. Reparto ló ń dún nínú rẹ̀, orin àwọn ọmọ àdúgbò Havana, tó le bí òkúta. Ọmọ yunifásítì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ fún mi. Mo ní kó bi awakọ̀ bó bá mọ Ibeyi. Ó mi orí. Ó ní àwọn jimaguas wo? Bí wọ́n ṣe ń pe ìbejì nìyẹn. Mo ní àwọn ọmọ Angá. Bàbá náà fi sítíárìn sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu dáṣíbọ́ọ̀dù: "Angá! Irakere!" Ọkọ̀ ń lọ fúnra rẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn mú.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú Havana kún fún orin àwọn ọmọ yìí. Paris, London àti New York ló gbé wọn ga. Havana mọ bàbá wọn. Bí mo sì ti ń rìn níbẹ̀ ni ó ń yé mi pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ so òrìṣà mọ́ wáyà iná, bí àwọn oníròyìn ti fẹ́ kí a gbà. Irakere ti ṣe é láti 1973, nígbà tí Chucho Valdés kó bàtá pọ̀ mọ́ gìtá oníná àti fèrè. (Wọ́n ní igbó ni Irakere túmọ̀ sí ní èdè wa. Etí tèmi ìrùkẹ̀rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.) Ní 1987, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Síntesis gbé àwo Ancestros jáde: orin òrìṣà tí Lázaro Ros, àgbà nínú dídá orin Lukumí, bá wọn lọ́wọ́ sí, pẹ̀lú dùùrù oníná tó ń dún bí ìjì. Ọmọ àwọn tó dá Síntesis sílẹ̀, X Alfonso, ló sọ ilé iṣẹ́ òróró ìdáná àtijọ́ kan ní àdúgbò Vedado ní Havana di Fábrica de Arte Cubano ní 2014. Mo lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwòrán wà lára ògiri, ijó wà nínú yàrá kan, sinimá wà nínú èkejì, àwọn ọ̀dọ́ tò síta bí ẹni ń dúró de epo bẹntiróòlù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin tí àwọn èèyàn ń jó sí da ohùn arúgbó kan tó ń pe Ṣàngó sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yí orí padà. Nǹkan ojoojúmọ́ ni.

Ní òpópónà Prado, tí igi àti àga òkúta wà láàárín rẹ̀, ni ilé Asociación Cultural Yoruba wà, pẹ̀lú ère àwọn òrìṣà tó ga tó èèyàn. Ọ̀nà yìí kan náà ni ilé aránṣọ Chanel ti láti Paris wá pa ní oṣù Kárùn-ún 2016, tí wọ́n fi ṣe ibi ìrìn àwọn afiaṣọhàn. Ibeyi kọrin níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni Beyoncé fi ojú wọn hàn nínú fíìmù Lemonade. Ọdún ńlá ni fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá dènà fún àwọn ará àdúgbò ní ọjọ́ Chanel yẹn, láti orí bákónì ni ọ̀pọ̀ ti ń yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wọn. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga òkúta yẹn, mo ń ronú nípa rẹ̀, inú mi kò dùn sí i títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Regla.

Aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀ fún Màríà dúdú tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí omi. Yemọja ni fún ẹni tó mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń túmọ̀ fún mi mú mi gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé onílù àgbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bojú wo ọmọbìnrin náà, ó bojú wò mí, ó fà mí dìde, ó sì gbé kọfí fún mi kó tó béèrè orúkọ mi.

Regla kì í ṣe ibi kékeré nínú ìtàn bàtá. Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí 1830, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbẹ́ bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Àyàn sí nínú ní erékùṣù yẹn. Añabí àti Atandá ni orúkọ wọn nínú ìwé. Mo pè wọ́n fún bàbá yìí bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé: Àyànbí, Àtàńdá. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó kó àwọn ìlù rẹ̀ jáde: iyá, itótele, okónkolo. Ó lu ti Ẹlẹ́gbára fún mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì: o mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, o kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Mo bi í léèrè nípa Naomi. Obìnrin kì í fọwọ́ kan ìlù tí Àyàn wà nínú rẹ̀ ní Kúbà, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ó ní òun ti rí i lórí fóònù ọmọ òun. Ó ní ìlù aberikulá ni ọmọ náà ń lù, èyí tí wọn kò ṣe nǹkan sí nínú, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní: "Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni." Ó dákẹ́. Mo fi èyí ṣe àǹfààní, mo fẹ́ tún ahọ́n rẹ̀ ṣe, mo ní Ọ̀ṣun ni, kì í ṣe Ochún. Ó ní ìyá ìyá òun ló kọ́ òun. Bí mo bá ní ẹjọ́, kí n lọ bá a ní itẹ́ òkú.

Nígbà tó wá béèrè orúkọ mi, tí mo ní Ìdòwú, bàbá náà dìde. "Ideú," ló wí. Ó wọ yàrá, ó gbé abọ́ kan jáde. Ọmọláńgidi méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan wọ pupa, ọ̀kan wọ búlúù, ẹ̀kẹta tó kéré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìbejì ni. Pupa jẹ́ ti Ṣàngó, búlúù jẹ́ ti Yemọja tó tọ́ wọn. Mo rántí pé ọmọ Ṣàngó ni Naomi, ọmọ Yemọja sì ni Lisa-Kaindé. Bàbá náà na ìka sí èyí tó kéré, ó sì na ìka sí mi. Ó ní kí n pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe Táyé. Mo pe Kẹ́hìndé, ohùn mi sì já níbẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí mo ti pè é sókè. Bàbá gbé iyá lé itan, ó fi ojú ìlù méjèèjì wá ohùn náà títí ó fi bá a: Kẹ́-hìn-dé. Kò mọ ìtumọ̀ orúkọ náà. Ohùn rẹ̀ ni ó gbà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí Táyé fẹ́ kí n gbọ́ nínú orin àwọn ọmọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mo máa padà, a wọkọ̀ lọ sí San Juan y Martínez, ìlú tí wọ́n ti bí Angá ní 1961. Ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà ni, ó kọjá Pinar del Río. Tábà ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀: ewé gbòòrò tó ń dán, ilé onígi gíga tí wọ́n ti ń sá a, màlúù tó ń fa ohun èlò lórí ilẹ̀ pupa. Ojú ọ̀nà jìn, nítorí náà mo ń gbọ́ ìyókù iṣẹ́ àwọn ọmọ náà lọ.

Ash, ti 2017, ni mo kọ́kọ́ fi sétí. Àwo ìbínú ni. Ọlọ́pàá Faransé ti mú Lisa-Kaindé láìṣẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orin Deathless, tí Kamasi Washington fun fèrè sí. Fèrè yẹn ń ké bí ẹni tó ń jà fún ọmọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ohùn Michelle Obama sí nínú kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáa, àmọ́ ìwàásù ti pọ̀ jù fún ìlù. Me Voy ni mo fẹ́ràn níbẹ̀, nítorí pé àwọn àti Mala Rodríguez fi èdè Sípéènì kọ ọ́, èdè bàbá wọn, tí wọn kò tíì fi kọ orin ṣáájú ìgbà náà. Spell 31, ti 2022, kúrú. Inú ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, Pa Salieu àti Jorja Smith sì bá wọn kọrin nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti wá síwájú, bàtá ti lọ sẹ́yìn. Ohùn wọn ti gbó, ó ti dùn sí i, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń padà sí ti 2015.

A dé ìlú náà ní ọ̀sán gangan. Ìta gbangba kan wà, àwọn àgbà ń ta dọ́mínò lábẹ́ igi. A jókòó. Mo yọ íápíìsì kúrò, mo gbé fóònù sórí àga, mo sì tan Echu Mingua, àwo tí Angá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ní 2005, ọdún kan kó tó kú. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ San Juan y Martínez. Ìró rẹ̀ kò ròkè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta dọ́mínò gbọ́ ọ, ó ń fi dọ́mínò ọwọ́ rẹ̀ kan tábìlì tẹ̀lé e, kò sì gbójú sókè títí orin fi parí.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Ibeyi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn, pẹ̀lú Echu Mingua. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ àwo àkọ́kọ́ ti àwọn ọmọ. Ẹ lo íápíìsì tó dáa o, nítorí ẹnu fóònù lásán kì í lè gbé ìyá ìlù.